Ìgò Ìṣó

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni apá Ìyá Tíṣà kọ iṣẹ́. Ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ tó fi ń hun súẹ́tà àwọn ọmọ iléèwé, ó ti ti ọwọ́ ẹ̀rọ lọ sápá òsì, ó kù kó fà á padà bó ti ń fà á láti ogún ọdún, ni apá ọ̀tún bá ní òun ò lọ mọ́. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ìrora gba èjìká rẹ̀ dé àyà. Nígbà tó fi ọwọ́ òsì wá abẹ́ abíyá rẹ̀ wò, ó bá ohun kan níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó le, ó tó hóró ẹ̀wà mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀.

Obìnrin mìíràn ì bá figbe ta. Ìyá Tíṣà dìde, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibí wò."

Káfíńtà ń kan ẹsẹ̀ àga kan lọ́wọ́. Ìṣó méjì wà láàárín ètè rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tu ìṣó sọ́wọ́, ó nu ọwọ́ kejì mọ́ ṣòkòtò, ó fọwọ́ kan ibi tó ní kó kàn. Ó pẹ́ kó tó mú ọwọ́ kúrò. Lẹ́yìn náà ló dá ìṣó méjèèjì padà sínú ìgò tó ti mú wọn, ó sì dé e.

"Ooru ni," ló wí. "Ooru máa ń mú abíyá wú."

"Ooru," ni ìyàwó rẹ̀ náà wí, bí ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ náà wò bóyá ó bá òun mu.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgò yẹn dáadáa, nítorí òun ló fa gbogbo ọ̀rọ̀. Ìgò kékeré ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdérí rẹ̀ pupa, ó sì ń dé pinpin. Káfíńtà wo ni yóò rí irú rẹ̀ tí yóò jù ú nù? Ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ ọn lára. Omi ti ṣí tàdáwà ibẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i ṣì hàn ketekete.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, kì í ṣe ìṣó ló wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé ìyàwó Káfíńtà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí kókó tó yọ sí i lọ́mú ọ̀tún. Tíṣà, àkọ́bí wọn, ẹni tó kàwé jù nínú ilé, ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò lọ́jọ́ náà, kò ráyè wá. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ki ìgò àti ìwé kan bọ Káfíńtà lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ gbé eléyìí lọ sí láàbù, kíákíá." Káfíńtà ní kí ló wà níbẹ̀. "Ohun tí a yọ lára ìyàwó yín ni." Ìlẹ̀kùn ti pa dé kó tó béèrè ìkejì. Ìwé náà ńkọ́? Èdè tí kò gbọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó dé fèrèsé láàbù, ó tò sẹ́yìn èèyàn méjìlá. Nígbà tó wá kàn án, akọ̀wé fa fèrèsé, ó ní àwọn ti ṣíwọ́, kó padà wá lọ́la.

Káfíńtà wo inú ìgò. Ẹran bíńtín kan ló wà nínú omi tó ń ta èèyàn nímú, kò tó orí àtàǹpàkò. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ohun tó fẹ́ pa ìyàwó òun nìyí, wọ́n ti yọ ọ́, ọpẹ́ ni. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe ní láàbù ju kí wọ́n sun ún tàbí kí wọ́n sin ín lọ? Ó gbé e wálé, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó wọlé tọ ẹni tí wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀yìn ògiri ló gbé e sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sin ibi ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ìyàwó rẹ̀ bí fún un, ó sì sin ẹran náà síbẹ̀ tòun tìwé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tòun ti bándéèjì láyà, ló bu omi fún un fọwọ́. "Ẹ ṣé, Bàbá Tíṣà," ló wí. Ìgò nìkan ni kò sin. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n ní èsì kò tíì jáde, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n padà wá. Káfíńtà rò pé èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ni, tàbí ti fọ́tò inú àyà tí wọ́n yà. Kò bi ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kó tẹ̀ka síwèé, ó tẹ̀ka. Ẹni tó ra àga lọ́wọ́ rẹ̀ máa ń béèrè irú igi tó jẹ́, àmọ́ wọ́n gbé abẹ lé ara ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ ìdí rẹ̀. Irú ìyẹn tó kí inú bí èèyàn.

Aago méje kò tíì lù tí Tíṣà fi dé, bàtà iléèwé lẹ́sẹ̀, ohùn iléèwé lẹ́nu. Ó ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti tẹ̀ lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí èsì tó ń rìn bí ìgbín.

"Ìyá, ẹ ti jẹun?"

"Ebi ò pa mí."

"Mi ò béèrè ebi. Oúnjẹ ni mo béèrè."

Ó gé búrẹ́dì, ó po tíì, ó sì dúró lé ìyá rẹ̀ lórí bí ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò. Ìyá jẹ ẹnu méjì, ó gbé e sílẹ̀. Ó ká apá aṣọ sókè, ó fi abíyá hàn án. Tíṣà fọwọ́ kàn án, ó sì yọ ọwọ́ bí ẹni tó kan ìkòkò gbígbóná.

"Bàbá, ẹ ti rí èyí? Kí lẹ sọ sí i?"

"Mo ní ooru ni," ni Káfíńtà dáhùn.

"Ooru! Ooru tó yan abíyá kan ṣoṣo! Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ni?"

"Bàbá rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀," ni ìyá wí jẹ́jẹ́.

Ìyá Alágbàfọ̀, tó wà ní yàrá kejì, ti gbọ́. Ògiri ilé náà kò nípọn, etí obìnrin náà sì mú. Ó jáde tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́. "Mo kúkú ti sọ! Kókó tí abẹ bá ti kàn, ńṣe ló máa ń bínú. Ìyàwó àbúrò mi kan, bí wọ́n ti gé tiẹ̀ báyìí..."

"Ẹ̀yin Ìyá Alágbàfọ̀, aṣọ yín ń jó," ni Tíṣà wí. Aṣọ kankan kò jó, ṣùgbọ́n ìyá náà sáré wọlé lọ wò, wọ́n sì ráyè jáde nílé.

Dókítà tó ń wò wọ́n kò dàgbà ju Tíṣà lọ, ojú rẹ̀ sì pọ́n nítorí àìsùn. Ó ṣí fáìlì, ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Èsì yín dà?"

"Ẹ̀yin la wá bi," ni Tíṣà fèsì.

Dókítà ní kí ìyá gbé apá sókè. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ibi tó le náà, ẹnu rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Tíṣà rí i. Ó fa àga, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé wa. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá mi. Kí ló tún kù?"

Dókítà pa fáìlì dé. "Iṣẹ́ abẹ kì í ṣe oríṣi kan. Ti ọjọ́sí yẹn, ìwádìí ni. Ìyá, a ò yọ kókó yín. A bu díẹ̀ lára rẹ̀ ni, bí ẹní bu ọbẹ̀ tọ́ wò, kí àwọn ará láàbù lè sọ fún wa bóyá jẹjẹrẹ ni, àti irú èyí tó jẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ló máa jẹ́ ká mọ èyí tó kàn. Ó lè jẹ́ ká gé ọmú náà, ó lè jẹ́ ká kọ́kọ́ fa oògùn sí yín lára, ó lè jẹ́ iná ẹ̀rọ la máa fi jó o. Abẹ ìwòsàn nìyẹn, a ò sì lè kù gìrì gé ọmú èèyàn. Ẹran tó wà nínú ìgò yẹn la ti ń dúró dè láti ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án."

"Ká ní èsì ti jáde ńkọ́?" ni Tíṣà bi í.

"Ká ní ó jáde lọ́sẹ̀ kejì, ó ṣeé ṣe ká ti gé e, kó tó yọ sí abíyá."

Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Etí Káfíńtà gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹní bu ọbẹ̀ tọ́ wò. Ohun tó wà nínú ìkòkò ṣì wà nínú ìkòkò, ìwọ̀nba tó lè sọ orúkọ rẹ̀ ni òun fọwọ́ ara òun bò mọ́lẹ̀. Kò wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ náà kò wò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó ni ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí itan rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tí ọwọ́ náà kúrò.

Tíṣà ti dìde. Kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti dé fèrèsé láàbù, ó ń fi ìka kan pákó. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ jẹ́ bàbá arúgbó tó fi òwú so apá kan awò ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ tán, ó gbé ìwé ńlá kan jáde, ó ń fi ìka tọ ìlà kan dé ìkejì, ojú ewé kan dé ìkejì.

"Ọmọ mi, nọ́ńbà yìí kò dé ọ̀dọ̀ wa."

"Irọ́ ni! Ẹ ti sọ ọ́ nù, ẹ wá ń fi ìwé dí ojú wa. Bàbá mi ló gbé e wá! Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ẹ wí. Ṣé ẹ dé ibí lọ́jọ́ yẹn àbí ẹ ò dé?"

Gbogbo ojú yí sí Káfíńtà. Àwọn tó tò, àwọn tó jókòó, obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. Ó la ẹnu.

"Mo dé ibí," ló wí.

Òótọ́ ni. Ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tí wọ́n gé sí méjì ni, ìdajì tó mú dání burú ju irọ́ lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kan wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Ọ̀gá láàbù jáde nítorí ariwo. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí lọ́dún yìí tí nǹkan aláìsàn ń sọnù. Ó ní kí akọ̀wé kọ àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kó má sì jókòó sídìí fèrèsé mọ́ láti ọ̀la títí wọn yóò fi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

"Ọ̀gá, ó ku oṣù mẹ́rin kí n fẹ̀yìn tì," ni arúgbó náà wí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún ṣáá.

"Ẹ bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ẹ̀mí ìyá mi ṣeré!" ni Tíṣà wí.

"Tíṣà," ni ìyá rẹ̀ pè é láti ẹ̀yìn. "Ó tó."

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan fa nǹkan lábẹ́ abíyá ìyá, ó ní ìyẹn lè tètè sọ nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Láàárọ̀ ọ̀la, wọn yóò tún bu lára kókó náà, gbogbo nǹkan yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá bi í léèrè bóyá ó ti pẹ́ jù. Dókítà ní kí wọ́n má tíì sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní kò pẹ́ jù.

Nọ́ọ̀sì ka àwọn ohun tí wọn yóò rà wá sí Tíṣà létí: ìbọ̀wọ́, òwú ìránsọ ara, bándéèjì, ìgò kan.

"Ẹ má ra ìgò," ni Ìyá Tíṣà wí. "Ìgò wà nílé."

"Ìgò tó mọ́ là ń wí o, Ìyá."

"Ó mọ́. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n ṣáà ra tuntun. Káfíńtà fi ọwọ́ di ògiri mú. Àwọn tó ń kọjá rò pé òun ni aláìsàn.

Ìyá Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n délé. Ó ti dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó sì gbọ́ pé ẹran sọnù, ó pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ti tà á ni! Ẹ̀yin ò mọ̀ pé wọ́n ń ta ẹ̀yà ara? Akọ̀wé yẹn, ẹ lọ wo ilé tó kọ́!" Akọ̀wé tó fi òwú so awò ojú ni ó ń fi ilé kíkọ́ bú. Káfíńtà gbọ́, ó kọjá lọ sẹ́yìnkùlé.

Ó jókòó sórí pákó níbẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn Tíṣà láti yàrá, tó ń ka ohun tó fẹ́ kọ jáde kó tó kọ ọ́: ìwé ẹ̀sùn sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn, kí wọ́n lé akọ̀wé náà dànù, kí wọ́n má sì fún un ní owó ìfẹ̀yìntì. "Bàbá," ló pariwo láti inú ilé, "aago mélòó lẹ fún un lọ́jọ́ yẹn?" Káfíńtà wo orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ìṣó wà níbẹ̀, wọ́n dà wọ́n sínú àwo pẹrẹsẹ kan, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀. Ìgò kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìdáná jáde, ó fi ọwọ́ òsì gbé àwo ìrẹsì. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó tún padà wọlé, ó sì gbé ìgò wá, ó gbé e ti àwo oúnjẹ. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ìwé pélébé náà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá Tíṣà..."

"Èmi náà rò pé ó ti tán," ló wí. "Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ sin ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀." Ó fi ọwọ́ òsì gbé apá ọ̀tún rẹ̀ lé itan bí ẹni gbé ọmọ. "Bàbá arúgbó yẹn ò jẹ wá ní nǹkan. Ẹ lọ bá a kí wọ́n tó pa fèrèsé dé."

Káfíńtà kò fọwọ́ kan ìrẹsì. Ó mú ìgò, ó wọlé lọ bá Tíṣà.

"Dá ọwọ́ dúró."

"Ó ku ìlà méjì, Bàbá."

"Èmi ni. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n pa fèrèsé mọ́ mi lójú, mo sì gbé e wálé, mo sin ín."

Tíṣà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wo ìgò tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò, ó sì wo nọ́ńbà tó wà nínú ìwé tó ń kọ. Bákan náà ni.

"Ibo lẹ sin ín sí?"

"Ẹ̀yìn ilé ìdáná. Níbi tí mo sin ibi yín sí."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní ìdánwò ọmọ olómọ ni òun ń ṣọ́ lọ́jọ́ yẹn, òun tí òun lè ka ìwé náà. Ìyá rẹ̀ ti wọlé, ó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ, ó ń fi ọwọ́ òsì tì í lọ, ó ń fi ọwọ́ òsì fà á bọ̀.

"Ìyá, ẹ mọ̀?"

"Èmi ni mo bu omi fún wọn fọwọ́."

Nígbà tí Káfíńtà dé láàbù, fèrèsé ti ń fà lọ. Ó ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, pákó sì há a níka.

"A ti ṣíwọ́, Bàbá, ẹ padà wá lọ́la," ni akọ̀wé wí, kò gbójú sókè.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí gan-an, ohùn ọjọ́sí gan-an. Káfíńtà fẹ́ bi í bóyá ó rántí, ó fẹ́ sọ fún un pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kò sì yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì gbé ìgò sórí pákó fèrèsé.

Akọ̀wé wọ awò ojú rẹ̀. Ó ka nọ́ńbà náà, ó tún un kà. Láti àárọ̀ ló ti ń wá a kiri nínú ìwé. Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó sì rí i pé òfo ni.

"Ohun inú rẹ̀ dà, Bàbá?"

"Ẹ ṣí ìwé yín," ni Káfíńtà wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ yín, pé èmi ni mo gbé e padà sílé. Ìyàwó mi ló ní kí n wá sọ ọ́."